Mo Ka Ìmọ̀ Ogun àti Aáwọ̀ Gboyè: Àgbéyẹ̀wò Láti Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé ìmọ̀ àlàáfíà àti ìyanjú aáwọ̀ ni mo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o wá máa parí ìjà?" Wọn kò fi ẹ̀gàn bèèrè. Apẹja ni wọ́n, àwa mẹ́rin ni wọ́n ń rán nílé ìwé, ó sì tọ́ kí wọ́n mọ ohun tí owó wọn fẹ́ rà. Mo ti parí ẹ̀kọ́ náà, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì ti ń fi ìmọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ààbọ̀. Nítorí pé àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB ń bi mí ní ìbéèrè kan náà ṣáá, mo pinnu láti kọ ohun tí mo rí níbẹ̀ sílẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tó korò.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́, nítorí àwọn kan rò pé wọ́n ń kọ́ wa ní ìbọn yíyìn. Ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní War Studies, níbi tí ènìyàn ti lè gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ogun gan-an: ohun tí ó ń fa ogun, bí àwọn ọ̀gágun ṣe ń gbèrò rẹ̀, àti ohun tí ogun ń sọ ìlú dà. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àlàáfíà ni ẹ̀kọ́ yìí fì sí jù. National Open University ń fúnni ní oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Yunifásítì mìíràn ni èmi lọ, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ náà ni mo ń yẹ̀ wò.

Ọdún kìn-ín-ní kò ní nǹkan kan tí ó yàtọ̀. Ọdún kejì ni ojú mi là. Ìgbà náà ni wọ́n fi Carl von Clausewitz hàn wá, ọ̀gágun ará Prussia tí ìwé rẹ̀ lórí ogun jáde ní 1832, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí ó kọ́ni pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ogun ń bá lọ, pé ọ̀nà tí ó gbà ni ó kàn yàtọ̀. Ìgbà náà ni a sì ka iṣẹ́ Johan Galtung, ọmọ Norway, tí ó pín àlàáfíà sí oríṣi méjì: nínú èkíní, ìbọn ti dákẹ́, nínú èkejì, ohun tí ó mú kí wọ́n gbé ìbọn ti kúrò nílẹ̀. Bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé ni ọkàn mi lọ sí àdúgbò wa, níbi tí ìdílé méjì wà tí n kò rí wọn kí wọ́n jà rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n tí wọn kì í lọ síbi òkú ara wọn. Títí di ọjọ́ náà, àlàáfíà ni mo ń pe èyí.

Kíláàsì tí mo lè tún fi gbogbo owó ilé ìwé mi san ni ti Aburi. Ní ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún oṣù Kìíní ọdún 1967, Yakubu Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, Odumegwu Ojukwu, gómìnà ẹkùn Ìlà-Oòrùn ní Enugu, àti àwọn olórí ológun yòókù jókòó ní Aburi lórílẹ̀-èdè Gánà, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì fẹnu kò. Olùkọ́ wa pín kíláàsì sí méjì, ó fún gbogbo wa ní àkọsílẹ̀ kan náà, ó ní kí apá kan kà á bí ẹni tí ó wà ní Èkó, kí apá kejì kà á bí ẹni tí ó wà ní Enugu. Kí wákàtí méjì tó pé, ìwé kan ti di ìwé méjì. Àwa tí a wà ní Enugu rí i pé agbára ti kúrò láàárín, ó ti lọ sọ́wọ́ àwọn ẹkùn. Àwọn tí wọ́n wà ní Èkó rí i pé ìjọba àpapọ̀ ṣì ni olórí, pé wọ́n kàn fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa fi inú kan ṣiṣẹ́ ni. Òfin kẹjọ (Decree No. 8) tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún náà láti fi mú àdéhùn Aburi ṣẹ kò tẹ́ Enugu lọ́rùn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, ogun Biafra ti bẹ̀rẹ̀, kò sì parí títí di oṣù Kìíní ọdún 1970. Láti ìgbà tí mo ti jókòó ní kíláàsì yẹn, n kì í jẹ́ kí àwọn tí mo ń là níjà dìde lórí àdéhùn kankan, àfi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ kí èkejì gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn mi tí ó tóbi jù wà nínú ohun tí wọ́n fi sínú ẹ̀kọ́ náà àti ohun tí wọ́n yọ kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a lò lórí àdéhùn Westphalia ti 1648, tí ó parí ogun ọgbọ̀n ọdún àwọn ará Yúróòpù. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni wọ́n fi kó gbogbo ogun ilẹ̀ Yorùbá pọ̀. N kò sọ pé kí wọ́n má kọ́ wa ní Westphalia. Ohun tí mo ń sọ ni pé Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, ní gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ aáwọ̀ ń wá: ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 títí di 1893, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó sú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ibùdó ogun, àti àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àdéhùn náà ni wọ́n ti sọ pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ sì tún ṣàn láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ní 1981 àti láti 1997 sí 2000. Kí ni ìbá tún dára ju èyí lọ láti fi kọ́ ọmọ Yorùbá ní ohun tí àdéhùn tí kò ṣeé mú ṣẹ ń dá sílẹ̀? Ogun Ìmagbọn ti 1892, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ wa níbí kí wọ́n tó lọ bá Ìjẹ̀bú jà, kò tilẹ̀ jáde lẹ́nu olùkọ́ kankan.

Ìdí nìyí tí mo fi padà wálé nígbà tí ó kan iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Gbogbo ọmọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ìlú méjì ni ó wà nínú ọ̀kan: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí Oṣòdì Tápà, ọ̀gágun rẹ̀, wà lára wọn, gba ojú ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́. Ibí ni òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, pé Kòsọ́kọ́ kò ní gbógun ti Èkó mọ́, kò sì ní ṣòwò ẹrú mọ́, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Palma. Ní 1862, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, Kòsọ́kọ́ padà sílé. Ibi tí àwọn tí wọ́n bá a padà tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Àwọn mìíràn kò padà mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ẹni tí ó gbàlejò àti àlejò tí kò lọ mọ́ ṣe ń gbé pọ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́jọ ọdún. Àgbàlagbà mẹ́tàdínlógún ni mo fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ìhà méjèèjì, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbàkigbà tí mo bá bèèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ dé, ojú á le, ọ̀rọ̀ á sì di ti oyè àti ti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bèèrè pé níbo ni wọ́n ti gbé ìyá ìyá yín wá sílé ọkọ, ọ̀pọ̀ wọn a rẹ́rìn-ín, wọ́n a sì dárúkọ àdúgbò tí ó wà ní ìhà kejì. Ìbéèrè kejì yìí ni mo kọ́ ní yunifásítì: pé kí n má ṣe dúró síbi tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀ sí, kí n wá ohun tí ó so ó mọ́ ẹni tí ó ń bá jà.

Ní ti ilé ìwé, ọdún mẹ́rin di ọdún márùn-ún ààbọ̀ nítorí kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n gba owó ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì, a kò sì lọ síbì kankan. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ìwádìí, tí àwọn tí ń gbani síṣẹ́ máa ń bèèrè, orí pátákó ni wọ́n ti kọ́ wa láìsí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Mo fi owó ara mi kọ́ ọ lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi wá a lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí àjọ kékeré kan tó ń ṣe ìlàjà tó gbà mí, owó oṣù ibẹ̀ kò sì tó ti akọ̀wé báńkì. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà wà, nítorí a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, àwọn ènìyàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ oníṣòwò ẹja méjì ń jà sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí ní èbúté kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tòun ni ibẹ̀. A jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó gbọ́ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀: ẹja tútù ni ẹgbẹ́ kan ń tà, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kí oòrùn tó mú, ẹja tí wọ́n fẹ́ yan ni èkejì ń kó, ó lè dúró. Àwọn kìíní ń gúnlẹ̀ títí di aago mẹ́jọ àárọ̀ báyìí, àwọn kejì ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ìjà yìí ti hàn láti ọdún méjì sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò kàn jókòó tì í ni.

Bí ó bá jẹ́ pé owó kíákíá ni ilé yín ń wá, ẹ má ka ẹ̀kọ́ yìí. Bí ẹ bá sì fẹ́ kà á, ẹ kọ́ ìṣirò ìwádìí pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì yan olùkọ́ tí yóò jẹ́ kí ẹ ṣe ìwádìí nípa ìlú yín. Èmi yí olùkọ́ padà lẹ́ẹ̀kan kí n tó rí ẹni tí ó gbà pé Ẹ̀pẹ́ tó kọ ìwé lé lórí.

Mo fún bàbá àgbàlagbà kan ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan lára àwọn mẹ́tàdínlógún náà, ní ẹ̀dà iṣẹ́ ìwádìí mi. Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn kà á sókè fún àwọn. Nígbà tí ó dé orí kẹta, wọ́n dá a dúró, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n sì fi hàn mí pé mo ti gbé agboolé kan sí ìhà tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti tún un ṣe sínú ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ mi. Ó ku èyí tí ó wà nílé ìkàwé.