Iṣan ìmọ̀lára (nerve) inú gíláńdì adrenal alángbá: AChE tàbí formaldehyde?

Gíláńdì adrenal alángbá kì í gun kíndìnrín lórí bíi tiwa. Ìtòsí kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin ló máa ń wà. Ọ̀nà méjì tí a lè fi rí iṣan inú rẹ̀ la fẹ́ fi wéra níbí.

Ọ̀nà Karnovsky àti Roots (1964) ń jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù acetylcholinesterase (AChE) fúnra rẹ̀ kun iṣan ní búráùn. Máíkírósíkóòpù lásán tó o, àwọ̀ náà kì í sì í tètè ṣá. Àmọ́ ẹ́ńsáìmù mìíràn tó jọ ọ́ lè kun pẹ̀lú, àfi kí o kọ́kọ́ fi kẹ́míkà dá a dúró.

Oru formaldehyde ti Falck àti Hillarp (1962) ń mú họ́móònù noradrenaline tàn yòò. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń kú. Sẹ́ẹ̀lì gíláńdì náà fúnra wọn a tún máa tàn bo iṣan mọ́lẹ̀.

Iṣan tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì lo ń wá? AChE ni. Ibi tí họ́móònù kó jọ sí ńkọ́? Formaldehyde.