Ìkìlọ̀: wọ́n ń ta ayédèrú òfì lórí ayélujára, àṣìkọ wọn ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ òfì lórí ayélujára fún ìnáwó ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Màmá mi ń pé ọdún 70, òfì tí wọ́n ń pè ní sányán ló sì wù wọ́n, nítorí sányán ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Mo pẹ́ jù kí n tó wá a. Bàbá tó ń hun aṣọ fún ẹbí wa ní Ìṣẹ́yìn ní iṣẹ́ ti kún òun lọ́wọ́. Ibi tí mo ti ń wá kiri ni ìkànnì kan ti yọ sí mi lórí Facebook. Àwòrán wọn dára, ₦185,000 ni wọ́n pe ìró, ìborùn àti gèlè. Mo san án lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ẹrù dé, ọjọ́ ìbí màmá ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo tú u, aṣọ náà fúyẹ́ bí áńkáṣíìfù. Ẹ̀yin tó mọ òfì mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá rán an mọ́ra wọn, bí èèyàn bá sì fọwọ́ rà á lójú, ọwọ́ rẹ̀ á mọ ibi tí wọ́n ti rán an. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, yíyà ni wọ́n ya ojú rírán sí i! Ìńkì ni wọ́n fi tẹ ìlà sórí aṣọ pẹlẹbẹ kan ṣoṣo kó lè jọ èyí tí wọ́n rán. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, funfun báláú. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sórí àga. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Mo pe nọ́ńbà wọn, kò lọ. Lórí WhatsApp, wọ́n ti dínà mọ́ mi. Bánkì ní wọ́n ti kó owó náà jáde lọ́jọ́ tí mo san án gan-an.

Ìgbà yẹn ni mo wá padà ka ìkànnì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè: "Hand Wooven in Iseyin, Osun State". Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìṣẹ́yìn wà! Ta ni ahunṣọ tí kò ní mọ ìpínlẹ̀ tí òun ń gbé? Lábẹ́ àwòrán aṣọ pupa kan, wọ́n ní ẹtù rèé. Aró ni wọ́n fi ń pa ẹtù, dúdú ló máa ń rí. Àlàárì ló pupa. Orúkọ iléeṣẹ́ wọn pàápàá, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ ọ́: bó ṣe wà lókè kọ́ ló ṣe wà nínú àdírẹ́sì ìkànnì, ti ìsàlẹ̀ tún yàtọ̀. Orúkọ àkáǹtì tí mo sanwó sí kò bá ọ̀kankan mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tó dùn mí jù ni ibi tí wọ́n kọ òfin ìdápadà ọjà sí. Wọ́n ní kí oníbàárà má ṣe wọ bàtà náà rìn níta kó tó dá a padà. Bàtà, lórí ìkànnì òfì! Wọ́n da ọ̀rọ̀ oníbàtà kan kọ, wọn ò tilẹ̀ kà á.

Mi ò sọ pé olè ni gbogbo ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ o. Bàbá wa ní Ìṣẹ́yìn, tí ẹ bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kò sí kọ́mà, kò sí àmì ohùn, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì ń mẹ́hẹ. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣi orúkọ ìlú wọn kọ rí, wọn ò sì lè pe àlàárì ní ẹtù láéláé. Ẹ̀yin ọlọ́jà olóòótọ́ náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fún ẹlòmíràn kà kí ẹ tó gbé e síta, nítorí àwa tí wọ́n ti jà lólè ti ń sá fún yín báyìí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé wọ́n ti tún yọjú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi "Iseyin, Osun State" sínú àmì àyọlò, mo wá a lórí Google. Ìkànnì mẹ́ta mìíràn jáde, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Méjì ṣì kọ "Wooven" dípò "Woven". Ẹ̀kẹta ti tún ìyẹn ṣe, nítorí ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé ti pọ̀ lóde, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè tún ṣe. Àmọ́ Ọ̀ṣun ṣì ni Ìṣẹ́yìn wọn wà, bàtà sì wà nínú òfin wọn síbẹ̀. Wọ́n ní láti ọdún 1998 ni àwọn ti ń tajà. Mo wo WHOIS, níbi tí èèyàn ti ń rí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ìkànnì sílẹ̀, kò tíì pé oṣù méjì.

Ẹ má jẹ́ kí àmì àgádágodo ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì tàn yín bó ṣe tàn mí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn ò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ ránṣẹ́. Kò sọ irú ẹni tó ń gbà á. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ kọ ọ́ lẹ́tà sí lẹ́tà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Tí ẹ bá sì ti sanwó, bánkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè ní wákàtí yẹn gan-an, ẹ má dúró de ẹrù.

Ẹni tí wọ́n bá ti lù ní jìbìtì bẹ́ẹ̀, kó tọ́jú ẹ̀rí ìsanwó rẹ̀, kó sì ya àwòrán ìkànnì náà pẹ̀lú gbogbo àṣìkọ tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Ìbàdàn, aṣọ náà ń bá mi lọ. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ náà, kí n lè kó gbogbo rẹ̀ síwájú wọn pa pọ̀.