Olùkọ́ inú ilé, ilé lẹ́sìnnì tàbí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì: èwo ló bá ọmọ yín mu?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní kíláàsì áàtì, tí ẹ sì ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní Lítíréṣọ̀, Gọ́fúmẹ́ǹtì tàbí Yorùbá lẹ́yìn ilé-ìwé, kí ẹ tó dúnàádúrà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ náà ti ń kọsẹ̀ gan-an.

Ohun tí JAMB ń béèrè yàtọ̀ sí ti WAEC. Nínú UTME, ìyẹn ìdánwò tí JAMB ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, ìbéèrè 180 ni ọmọ yóò dáhùn lórí kọ̀ǹpútà láàárín wákàtí 2, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì àti 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, kò sì ní kọ àlàyé kankan. WAEC ní tirẹ̀ máa ń fẹ́ kí ọmọ ṣàlàyé lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè ka ìwé yé kó sì fìdí rẹmi. Mo ti yẹ ìwé ìdánwò ọmọbìnrin kan wò rí, tó kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ìbéèrè tó ní kó sọ bí ìwà ẹ̀dá-ìtàn kan ṣe gbé kókó ìwé náà yọ. Ó sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tó dáhùn ìbéèrè. Máàkì 5 nínú 25 ni wọ́n fún un. Àkọ́sórí kò lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò ní kó fa ìlà sí abẹ́ ohun tí wọ́n bi í, tí yóò sì mú kó tún ìpínrọ̀ kan ṣoṣo kọ títí tí yóò fi gún, ló nílò.

Olùkọ́ tó ń wá sílé ló yẹ fún un, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ sábà máa ń ga ju ti ìyókù lọ. Àmọ́ bí olùkọ́ bá ní òun lè kọ́ gbogbo iṣẹ́ áàtì pátá, ẹ bi í léèrè èwo ló kà ní yunifásítì nínú wọn.

Ilé lẹ́sìnnì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì dára fún ọmọ tó ti mọ èsì í kọ, tó kàn fẹ́ yára sí i kí UTME tó dé. Kò dára fún ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn, nítorí olùkọ́ tó ní ogójì ọmọ níwájú kò lè ráyè ka àlàyé ogójì ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò púpọ̀ fún ọmọ wa tó wà ní London tàbí Houston, tó fẹ́ kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ olùkọ́ tó wà ní Ìbàdàn. Kí ó jẹ́ òun nìkan pẹ̀lú olùkọ́ o, torí ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní tààrà nìkan ló lè mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ló pè. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, iná àti dátà lè dá ẹ̀kọ́ dúró láàárín, nítorí náà ẹ ṣe àdéhùn ṣáájú nípa wákàtí tó bá sọnù.

Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ gbé ìwé ìdánwò ọmọ yín, èyí tí wọ́n ti máàkì, síwájú olùkọ́ náà. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ owó láìtíì ṣí i, ẹ wá ẹlòmíràn.