Ẹ Ṣọ́ra fún Oní "Ẹ̀dà Japan" Yìí: Èènì Tó Ń Tà, Ayédèrú Ni

Kí n tó sọ ohunkóhun: bí ẹ bá rí ẹni tó ń polówó àwo orin pé "ẹ̀dà Japan ni, orin èènì méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló kù", tó wá ní kí ẹ san owó náà bí ìgbà tí èèyàn ń fún ọ̀rẹ́ lówó, ẹ sá. Ẹ má bi í léèrè ohunkóhun. Èmi bi í ní ìbéèrè mọ́kànlá. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì kó owó mi jẹ.

Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ olórin náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn bo àṣírí ara mi díẹ̀. Ẹgbẹ́ pop rock ni wọ́n, gìtá méjì, ìlù, dùùrù, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọrin bíi pé ẹnì kan ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Àwo wọn kẹta ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ẹni tó bá mọ àwo yẹn mọ̀ pé kò dọ́gba rárá. Orin mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ yín ò ní gbélẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìkarùn-ún lọ, àfi bíi pé àwọn ẹlòmíràn ló wọlé wá bá wọn parí iṣẹ́ náà. Ìkẹfà gùn ju ìṣẹ́jú méje lọ, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ju dùùrù tó ń ké bí ọmọ tí oorun ń kùn. Ìkẹsàn-án, fífò ni mo máa ń fò ó. Ìkọkànlá gbé e dìde díẹ̀, ìkejìlá tún wá tẹ̀ ẹ́ rì.

Àwọn tó ti gbọ́ orin méjì tó wà ní ìparí ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní Japan ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá yọ ìkẹfà àti ìkẹsàn-án kúrò, tí wọ́n sì fi àwọn méjì yẹn dípò, kò sí àwo tó máa dùn tó o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbọ́ èyí. Mo wá orin méjèèjì lórí Spotify, kò sí. Mo wá a lórí YouTube, orin ẹlòmíràn ni wọ́n gbé àkọlé rẹ̀ lé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé "ṣebí ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì". Kò sí níbẹ̀! Bó bá wà níbẹ̀ ni, ṣé màá jókòó síbí máa sunkún owó?

Fún ẹni tó jẹ́ tuntun nínú ọ̀rọ̀ yìí, èènì Japan kì í ṣe àlọ́. Òfin ibẹ̀ gba àwọn tó ń ṣe àwo láyè láti máa pàṣẹ iye tí sọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ tà á. Saihan ni wọ́n ń pè é. Àwo tí wọ́n tẹ̀ nílé wá ń wọ́n ju àwo kan náà tó ti òkè òkun wọlé lọ. Kí oníbàárà má baà yà sí ti òkèèrè, wọ́n á fi orin kan tàbí méjì lé ti ilé lórí. Ìdí nìyẹn tí àwa tó kù láyé fi ń wá ẹ̀dà Japan kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti wá ń lúgọ dè wá. (Ẹgbẹ́ olórin náà kò sì lẹ́bi kẹ̀? Ta ló ń kó orin rẹ̀ tó dáa jù lọ fi ṣe èènì fún orílẹ̀-èdè kan, táá wá kó pàǹtírí fún àwa yòókù? Ó dáa, mo máa fi wọ́n sílẹ̀. Lónìí nìkan.)

Ọkùnrin yìí, tàbí obìnrin ni o, mi ò mọ̀, fi àwòrán mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi yí ẹ̀gbẹ́ àpótí àwo ká wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní obi, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ọ̀já tí wọ́n ń dì mọ́ kimono. Ó mọ́ tónítóní, ìwé wọn kún ojú rẹ̀. Mo ní kó dojú àwo fúnra rẹ̀ dé, kó ya ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Ó ní iná ibi tí òun wà kò mọ́lẹ̀ dáadáa, pé kí n jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́. Ó ní ẹnì kan tún ti ń béèrè àwo náà láti òwúrọ̀, àmọ́ òun ń dá a dúró fún mi nítorí òun rí i pé olólùfẹ́ tòótọ́ ni mí.

Olólùfẹ́ tòótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bò mí lójú. Mo tiẹ̀ kọ ìtàn bí mo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ẹgbẹ́ náà sí i, ìpínrọ̀ mẹ́ta! Fún olè!

Ìgbà tó kan owó, ó ní kí n fi PayPal ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí n yan ti ọ̀rẹ́ àti ẹbí, kí owó tí wọ́n ń yọ lè dín kù, òun á sì fi èyí tó bá ṣẹ́kù di ẹrù náà dáadáa fún mi. "Ẹ má mikàn, ọ̀gá mi." Ẹ gbọ́ o, mo mọ̀. Mo mọ̀ pé PayPal kì í dá owó ọjà padà fún ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn sanwó. Èmi yìí kan náà ló kìlọ̀ fún ọmọ kan lọ́dún tó kọjá pé kò gbọ́dọ̀ dán an wò láé. Ìka tí mo fi kọ ìkìlọ̀ yẹn ni mo fi tẹ bọ́tìnnì. Òmùgọ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀ ló jalè! Ẹ má jẹ́ ká yí ẹjọ́ náà sódì.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi retí rẹ̀. Nígbà tó dé, mo fọwọ́, mo nu tábìlì, mo tú u jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tú aṣọ lára ọmọ tó sùn. Obi yẹn ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ni. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ̀gbẹ́ kan tiẹ̀ wọ́. Àwòrán iwájú àpótí ń rú bí ohun tí wọ́n wò láti inú omi. Mo ní ó lè jẹ́ pé ó ti gbó ni. Ẹ wò mí, mo ti ń bá olè wá àwíjàre! Mo yí àwo padà: àwọ̀ àlùkò. Kì í ṣe fàdákà, àlùkò. CD-R ni, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ̀ǹpútà kọ nínú yàrá.

Mo ṣáà gbọ́ ọ. Kí ni ń bá ṣe? Méjìlá àkọ́kọ́ lọ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Ìkẹtàlá bẹ̀rẹ̀, èènì àkọ́kọ́, mo gbé etí sílẹ̀. Orin kẹta ni! Orin kẹta inú àwo náà ni wọ́n mú kó máa sáré, tí ohùn olórin wá ń dún bíi ti eku, wọ́n sì fi orúkọ èènì sára rẹ̀. Mo gbọ́ ọ dópin nítorí n kò gbà pé èèyàn lè láyà tó bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrìnlá ló wá pa mí. Èyí jẹ́ ojúlówó orin náà. Gìtá kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìlù rọra wọlé, ọmọkùnrin yẹn ò sáré mọ́, ó ń kọrin bí ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ. Ó dáa ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ owó pátápátá. Bí ègbè orin ṣe fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì báyìí ni ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan bẹ́ sórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń polówó ètò tó kàn, gbogbo rẹ̀ sì já fíì. Orí rédíò ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró de orin yẹn, bí mo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ọ nìyẹn, mi ò sì lè gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ́ láé. Owó lè padà wá. Èyí ńkọ́?

Mo kọ̀wé sí i. Ó ní bóyá àwọn tó gbé ẹrù ló pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà. Ẹrù tí mo tú èdìdì rẹ̀ fúnra mi! Lẹ́yìn ìyẹn, ó dí ojú ọ̀nà mọ́ mi.

Ó dáa, ohun tí ẹ máa wò, kíákíá, torí inú ń bí mi. Ẹ béèrè àwòrán ẹ̀yìn àwo. Àwo tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ máa ń dán bíi fàdákà. Bó bá ní àwọ̀ ewé, búlúù tàbí àlùkò, kíkọ ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ wo òrùka tó yí ihò àárín ká: nọ́ńbà máa ń wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1994 sì sábà máa ń ní lẹ́tà IFPI kéékèèké, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ orin lágbàáyé. Bákóòdù ọjà Japan máa ń fi 45 tàbí 49 bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà àwo náà ní ìtumọ̀: UICY jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Universal, SICP ti Sony, WPCR ti Warner, ẹ fi wé ohun tó wà lórí Discogs, ìkànnì tí wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ àwo orin sí. Ẹ ní kó fi bébà tí orúkọ yín wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kó tó yà á. Ẹ má sì san owó ọ̀rẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Èyí tó kù, ẹ bi ẹlòmíràn, èmi kọ́ ni olùkọ́ yín.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àwọn òǹtajà rere ṣì wà. Àwọn mẹ́ta ló kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ọkùnrin yìí pé olóòótọ́ ni. Mo wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: oṣù kan náà ni wọ́n dé, wọn ò tíì ra nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Láti ìgbà náà, mo ti kó gbogbo àwo mi wálẹ̀, mo ń yí wọn lójú dé lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ iná, títí kan ti bàbá àgbàlagbà tó ti ń tà fún mi láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò ṣẹ̀ mí rí. Fàdákà ni gbogbo tirẹ̀. Mo tún wọn wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ ó ní kí n dárúkọ olè náà. Ó ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Èyí tí mo bá dá lónìí, ó lè máà jẹ́ tirẹ̀ mọ́ lọ́la. Àwòrán mẹ́fà yẹn ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Mo rí wọn láàárọ̀ yìí, obi tónítóní yẹn náà, ọ̀rọ̀ kan náà lábẹ́ rẹ̀: "Ọ̀kan ṣoṣo ló kù."