Abẹ́rẹ́ méjì nínú ebè: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo fi ẹ̀rọ wọn ooru ilẹ̀ oko iṣu mi

Iṣu ló kó mi dé ìdí ẹ̀rọ yìí. Ní èṣí, mo gbin èbù sí oko mi lẹ́bàá Òro ní Kwara nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń mú. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, púpọ̀ nínú wọn ti jinná sínú ebè bí ẹni sun wọ́n. Mo hú díẹ̀ wò. Níbi tí àgbàro ti fi koríko bo orí ebè dáadáa, èbù wà láàyè. Níbi tó ti fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, òórùn ló kù. Mo bi í léèrè, ó ní, "Tíṣà, iná ti jó igbó tán, koríko dà?" Kò purọ́. Ní àsìkò tá a nílò koríko jù ló máa ń wọ́n jù, owó ńlá la sì fi ń kó o wá láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, kí n tó náwó sí i lọ́dún yìí, mo fẹ́ mọ ohun tí ìbòrí yẹn ń ṣe fún ilẹ̀ gan-an.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin ló júwe ẹ̀rọ náà fún mi. Mi ò rà á o. Owó rẹ̀ ju ti ọ̀kadà tuntun lọ dáadáa. A rí ẹnì kan nílùú Ìlọrin tó ń fi irinṣẹ́ yíyá ṣòwò, mo sì yá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Kò tóbi. Ara rẹ̀ kún ọwọ́, okùn kan jáde lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì ló sì wà lórí okùn náà. Sẹ̀ǹtímítà 3 ni gígùn wọn, mílímítà 6 ló wà láàárín wọn. Tí ẹ bá ti kì wọ́n bọ ilẹ̀, abẹ́rẹ́ kan á gbóná fún ìgbà díẹ̀, èkejì á máa ṣọ́ ìgbà tí ooru yẹn máa dé ọ̀dọ̀ òun àti bó ṣe pọ̀ tó. Láti inú èyí ni ẹ̀rọ á ti ṣírò bí ooru ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá (W/mK ni wọ́n ń kọ sí i) àti iye ooru tí ilẹ̀ lè gbà mọ́ra (MJ/m³K). Ó tún ń sọ bí ìgbóná ṣe ń yára rìn, àmọ́ nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni mo lò. Gaylon Campbell, onímọ̀ nípa ilẹ̀, àti àwọn méjì mìíràn ló tẹ ọ̀nà oníabẹ́rẹ́ méjì yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1991, nítorí náà kì í ṣe idán.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lóko, ẹ̀rín ni. Mo gbé agboòrùn lé orí ẹ̀rọ kí oòrùn má bàa pa á, mo kúnlẹ̀ síwájú ebè, àgbàro dúró, ó ní, "Tíṣà, ṣé ibà ló ń ṣe ilẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń gún un lábẹ́rẹ́?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Dókítà Ebè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni wíwọ̀n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15 kí ooru tẹ́ ẹ fi sí i lọ tán kẹ́ ẹ tó tún wọ̀n ọ́n níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró bákan náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ ebè tuntun. Mo wọn ebè 20 lọ́jọ́ kan. Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ti yẹ̀ kí n tó parí, ìgbóná ebè ti yí padà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ebè mẹ́fà péré ni mo ń wọ̀n lóòjọ́.

Ìṣòro kejì ni ilẹ̀ gbígbẹ. Nínú ọyẹ́, erùpẹ̀ ebè kì í di abẹ́rẹ́ mú. Tí ọwọ́ yín bá gbọ̀n pẹ́rẹ́, ihò á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa: nǹkan bíi 0.025 W/mK ni tirẹ̀, tí omi ń jẹ́ 0.6. Nọ́ńbà á já wálẹ̀ láìsí pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ yí padà. Ẹ má sì dà omi sí i kó lè rọ̀, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n lẹ ti bà jẹ́ yẹn. Ọ̀bẹ ni mo fi ń gé ẹ̀gbẹ́ ebè títí dé ibi tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìn sí orí rẹ̀, kí n tó rọra ti abẹ́rẹ́ wọlé ní ìbú. Níbi tí yangí bá wà, mo máa ń yẹra.

Ibi tó bí mi nínú nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nọ́ńbà kejì (iye ooru tí ilẹ̀ lè gbà mọ́ra) kéré ju ohun tí ọmọ àbúrò mi ń retí lọ. Ó ní ká dán an wò nínú agar, ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pò mọ́ omi, bíi gíráàmù márùn-ún sí lítà kan, tó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù. Omi ni, ṣùgbọ́n kò lè rìn, nítorí náà a ti mọ iye tó yẹ kí ẹ̀rọ kọ: 4.18. Ìgbà márùn-ún la wọ̀n ọ́n, 3.6 ló ń kọ. Abẹ́rẹ́ méjèèjì ti fi ohun tí kò tó ìdajì mílímítà súnmọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, ojú lásán ò lè rí i. Ìyẹn nìkan ti gbé ìṣirò lọ sí ọ̀nà mìíràn. Mo pe ẹni tó yá mi. Ó ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó ṣàròyé rí." Mo ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ni." Kò dín kọ́bọ̀ kan. Ẹ fi agar dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nígbà tá a ti fi ìṣirò tún un ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Ní ọ̀sán, lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ebè tí kò ní ìbòrí gbóná dé 39°C, èyí tó ní wà ní 31°C. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni nọ́ńbà àkọ́kọ́, ti bí ooru ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá. Nínú ebè gbígbẹ, 0.3 ni. Nínú èyí tí a bò, 1.1! Mo rò pé ẹ̀rọ ti tún bà jẹ́, torí lójú tèmi, ebè tó tutù ló yẹ kó dá ooru dúró. Ọmọ àbúrò mi ló là mí lóye. Láàárín hóró erùpẹ̀ gbígbẹ, afẹ́fẹ́ ló wà, ooru kò rí afárá gbà. Tí omi díẹ̀ bá wà níbẹ̀, òun ni afárá. Nítorí náà ooru ń gba inú ebè tútù kọjá dáadáa, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ti ebè gbígbẹ kò ríbi lọ, orí ló jókòó sí, ọ̀dọ̀ èbù. Koríko ní tirẹ̀ ń dí oòrùn lójú, kì í sì í jẹ́ kí omi yẹn tètè gbẹ.  

Ọ̀rọ̀ ìbòrí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, láti nǹkan bí 1970 lọ. Àmọ́ kí ẹ kà á àti kí ẹ rí i nínú ebè tiyín kì í ṣe ọ̀kan.

Ohun kan wà tí ẹ̀rọ ò lè dá ṣe: kò mọ bí erùpẹ̀ yín ṣe dì tó. A ní láti fi òrùka irin tó gba 100 cm³ gbẹ́ erùpẹ̀, ká gbẹ ẹ́ nínú ààrò oníná ní 105°C fún wákàtí 24, ká wọ̀n ọ́n. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wákàtí 24 wa gbà. Inú ebè jẹ́ gíráàmù 1.26 nínú cm³ kan, ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín ebè jẹ́ 1.58. Nígbà tá a mọ 1.26 yìí la tó lè sọ pé omi inú ebè tí a bò tó ìdá 14 nínú 100. Láti 1999 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mẹ́ta, Ren, Noborio àti Horton, ti so abẹ́rẹ́ yìí pọ̀ mọ́ ọ̀nà tó ń fi iná mànàmáná wá omi, kí abẹ́rẹ́ kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì ń gbìyànjú láti ti ibẹ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe dì láìlo ààrò. Èyí ni mo ń dúró dè. Ẹnì kan ní kí n kàn lo sátẹ́láìtì. SMAP, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tí wọ́n jù sókè ní 2015, ń rí omi inú sẹ̀ǹtímítà 5 òkè ilẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú kan rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 36. Òro, Àjàṣẹ́ àti oko mi á wọ inú ẹyọ kan.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí kò lo bátìrì tó ní òun ń wọn omi, ìmọ́lẹ̀ àti bí ilẹ̀ ṣe kan tó, mo ní ọ̀kan. Ẹ fi owó yẹn ra èbù.

Ṣé kẹ́ ẹ yá èyí? Bí ẹ bá ń ṣèwádìí, tàbí ẹ fẹ́ ná owó ńlá sórí ilẹ̀, ẹ yá a. Àgbẹ̀ tó ní ọgbọ̀n ebè kò nílò rẹ̀, tẹmómítà gígùn kan tó. Èmi ti san owó koríko gbogbo ebè. Ẹ̀rọ ti padà sí Ìlọrin, mo sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn lára: "Abẹ́rẹ́ ti súnmọ́ra. Ẹ fi 1.16 sọ nọ́ńbà kejì di púpọ̀." Kò dá mi lójú pé wọn ò ní já a kúrò.