Pọ́ǹpù epo Corolla tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ọlọ́jà tó gbowó tán tí kò gbé fóònù mọ́

Ìràwọ̀ kan ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Ìkànnì tó ti ń tajà, mo fún un ní mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ní Abẹ́òkúta ló ń ra pààtì ọkọ̀ báyìí láì dé Ládípọ̀, ọjà pààtì ọkọ̀ l'Ékòó.

Corolla tòkunbọ̀ ọdún 2005 ni mo fi ń kó àdìrẹ láti Ìtòkú lọ bá àwọn oníbàárà. Ó wá di pé tó bá ti gbóná, á kú sójú ọ̀nà, kò sì ní í jí àfi tó bá tutù. Mẹkáníìkì mi ní Ọbáńtókò ṣí àga ẹ̀yìn, torí abẹ́ ibẹ̀ ni pọ́ǹpù wà nínú táńkì. Ó wọn agbára tí epo fi ń jáde, ó ní pọ́ǹpù ti lọ.

Ọlọ́jà orí ìkànnì náà ní ọjọ́ mẹ́ta ni tòun máa fi dé. Mo fi nọ́ńbà ṣáṣíìsì ránṣẹ́ sí i, alámì 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Kíá ló dáhùn pé, "Ó bá a mu, mà." Ó bẹ̀ mí pé kí n san án tààrà sí àkáǹtì òun kóun lè dín owó kù. Mo kọ̀, mo sanwó lórí ìkànnì. Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ọ̀sẹ̀ kọjá. Ìkànnì ń sọ pé ọjà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Mo pè é, kò gbé e. Mo kọ̀wé lórí WhatsApp, àmì búlúù méjì yọ. Mo fi fóònù ọmọ mi pè é, ó gbé e lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó pa á. Èyí ló dùn mí jù. Pààtì lè pẹ́, ẹrù lè há sí Àpápá. Ká ní ó sọ ọ́ fún mi ni, ǹ bá ti háyà ọkọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ ní owó tó mọ níwọ̀n, dípò kí n máa wọ takisí lójoojúmọ́ pé ọ̀la ló máa dé.

Òfin FCCPA ọdún 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, tí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá sì dé, kó tètè sọ fún un. Mo kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn mi, mo fi àwòrán gbogbo ìpè àti ọ̀rọ̀ wa sí i. Ìgbà yẹn ni ìkànnì tó dá owó padà, inú wálẹ́ẹ̀tì wọn sì ni, kì í ṣe báńkì mi. Mo tún ní láti bẹ̀bẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Obìnrin kan ní Ládípọ̀ ni mo padà rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ya fídíò pọ́ǹpù náà, ó ka nọ́ńbà tó wà lára pọ́ǹpù sí mi létí, ó gbé e fún dẹ́rẹ́bà ní Òṣòdì, ó fi nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà ránṣẹ́. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wọn dúró ní Ọ̀tà, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí: "Ẹ má tíì kúrò nílé o, mà, wọn ò tíì kọjá Ọ̀tà." Mo gbà á ní gáréèjì Kútò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìràwọ̀ márùn-ún.