Kẹ̀kẹ́ wo ló yẹ òkè àti adágún? Ìfiwéra oríṣi mẹ́rin fún ẹni tó fẹ́ rà

Níbi tí adágún àti òkè bá pọ̀ sí, ọ̀nà méjì lẹ sábà máa rí. Èkíní ń bá etí omi lọ. Ó tẹ́jú, ó gbòòrò, ṣùgbọ́n òun náà ni gbogbo mọ́tò ń gbà, bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò àti ọkọ̀ akẹ́rù. Èkejì tín-ín-rín, ó kẹ̀yìn sí omi, ó gun òkè lọ sí àfonífojì kejì. Ibẹ̀ lẹ ti lè gbọ́ igbe ẹyẹ àti ìró ṣéènì yín. Ọ̀nà kejì yìí ni ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ máa gbà, òun náà ló sì ń dójú ti kẹ̀kẹ́ tí wọn ò fara balẹ̀ rà. Oríṣi mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra: ti ìdíje, gravel (tó jọ ti ìdíje, ṣùgbọ́n tí táyà rẹ̀ gbòòrò fún ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́), ti arìnrìn-àjò tó ń gbé ẹrù, àti èyí tó ní bátìrì.

Mo ti gun irú òkè bẹ́ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí kò yẹ, mo sì ti gùn ún lórí èyí tó yẹ. Ẹsẹ̀ kan náà ni mo fi gùn méjèèjì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà pé kó má kọ́kọ́ béèrè bí kẹ̀kẹ́ ṣe fúyẹ́ tó. Jíà tó kéré jù lára rẹ̀, èyí tó ń mú kí pẹ́dà rọrùn jù lórí òkè, ni kó béèrè.

Òkè ibẹ̀ lè má gùn, ṣùgbọ́n ó le

Yìnyín ló gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn adágún wọ̀nyí. Láyé àtijọ́, òkìtì yìnyín ńlá wọ́ gba inú àfonífojì kọjá, ó ha ilẹ̀ jìn, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ àfonífojì dúró bí ògiri. Nígbà tó yọ́, omi kún ibi tó gbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ti etí adágún kan bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ gun ògiri yẹn.

Ní Finger Lakes, ìpínlẹ̀ New York, adágún 11 ló nà láti àríwá sí gúúsù bí ìka ọwọ́. Bí ẹ bá ń bá gígùn ọ̀kan lọ, ìrìn náà rọrùn díẹ̀. Bí ẹ bá dorí kọ ìwọ̀-oòrùn láti dá wọn kọjá, ẹ ó máa gun òkè, ẹ ó máa sọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tún gun òmíràn.

Ti Hardknott, ọ̀nà orí òkè kan ní Lake District, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ kò ju mítà 393 lọ, àmọ́ níbi tó ti le jù, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ tó 33%: bí ẹ bá sún síwájú ní mítà mẹ́ta, ẹ ti gòkè ní mítà kan. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ti ń gba òkè náà ní ọ̀rúndún kejì, ògiri odi wọn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ti ẹranko ló kọ́kọ́ la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ro ti kẹ̀kẹ́.

Ẹ fi wé òkè Ghisallo, lókè adágún Como ní Ítálì. Ilé ìjọsìn kékeré kan wà lórí rẹ̀, ní mítà 754. Ní 1949, Póòpù Pius Kejìlá fi Màríà ibẹ̀ ṣe alábòójútó àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Láti etí omi ní Bellagio, ẹ ó gòkè tó nǹkan bíi mítà 550. Ó gùn ju Hardknott lọ dáadáa, síbẹ̀ ibi títẹ́ wà láàárín tí ènìyàn ti lè mí. Ní tèmi, èyí tó kúrú tó sì le ló ń dán kẹ̀kẹ́ wò jù.

Ẹ ka eyín rẹ̀

Nílé ìtajà, ohun tí wọ́n sábà máa ń ní kí oníbàárà ṣe ni kó fi ọwọ́ kan gbé kẹ̀kẹ́ sókè. Ó fúyẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka eyín. Ẹ ka ti ṣéènìwíìlì tó kéré jù níwájú, kí ẹ ka ti fíríwíìlì tó tóbi jù lẹ́yìn. Bí eyín iwájú bá fi púpọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, orúnkún yín ni yóò san gbèsè rẹ̀ lórí òkè.

Mo ṣe ìṣirò iye tí kẹ̀kẹ́ ń sún bí pẹ́dà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú jíà tó wọ́pọ̀ lára oríṣi mẹ́ta tí kò ní bátìrì:

Kẹ̀kẹ́ ìdíje, eyín 36 níwájú, 28 lẹ́yìn: mítà 2.7.
Kẹ̀kẹ́ gravel, eyín 30 níwájú, 34 lẹ́yìn: mítà 1.9.
Kẹ̀kẹ́ arìnrìn-àjò, eyín 26 níwájú, 36 lẹ́yìn: mítà 1.6.

Ká gbé wọn sórí òkè tí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 10%. Ká ní ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ wọn kílò 85 lórí ti ìdíje, 87 lórí gravel, 92 lórí ti arìnrìn-àjò, kí pẹ́dà sì máa yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ìdíje yóò gba nǹkan bíi wáàtì 225 lára ẹsẹ̀, gravel 165, ti arìnrìn-àjò 140, láì tíì ka ti afẹ́fẹ́ àti táyà. Èyí tó wúwo jù ló rọrùn jù fún ẹsẹ̀. Lóòótọ́, òun ló máa kẹ́yìn dé òkè, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gùn ún kò ní sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá náwó rẹpẹtẹ láti fi kílò 2 dín kẹ̀kẹ́ kù, nínú kílò 85, ìrọ̀rùn tí ẹ rà lórí òkè kò tó 3%. Bí ẹ bá yọ fíríwíìlì eléyín 28 tí ẹ fi eléyín 34 sí i, agbára tí ẹ ó fi tẹ pẹ́dà dín ní nǹkan bí 18%. Owó fíríwíìlì kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó férémù.

Nígbà tí jíà bá tán lórí òkè, ẹ ó mọ̀. Àtàǹpàkò yóò tún tẹ irin jíà lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò kàn dún kó, ṣéènì ò ní kúrò níbi tó wà. Pẹ́dà yóò máa falẹ̀ títí tí ẹ ó fi dìde dúró lé e lórí, táyà iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, ẹsẹ̀ kan á sì já sínú koríko etí ọ̀nà. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ti kẹ̀kẹ́, àmọ́ ó dunni bó bá jẹ́ pé eyín mẹ́fà péré ló fà á.

Bíréèkì àti táyà

Òkè tí a gùn la ó sọ̀. Ilẹ̀ adágún sì sábà máa ń jẹ́ ilẹ̀ òjò: ní Seathwaite, ní Lake District kan náà, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún ju mílímítà 3,000 lọ. Bíréèkì tó ń di rímù mú ní láti kọ́kọ́ nu omi kúrò lára rímù kó tó di nǹkan mú, bí ẹ bá sì ń tẹ̀ ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, rímù á gbóná débi tí tíúbù lè bẹ́. Bíréèkì díìsì, tó ń di àwo irin kékeré mú láàárín wíìlì, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òjò bó ṣe ń ṣe nínú oòrùn. Nítorí irú ọ̀nà yìí, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra èyí tí kì í ṣe díìsì.

Ní ti táyà, mílímítà 32 sí 40 ló dáa. Ọ̀nà tí mọ́tò kò pọ̀ ni ọ̀nà tí wọn kì í tètè tún ṣe. Ẹ ó bá òkúta wẹ́wẹ́ pàdé, ìgbẹ́ màlúù, àti irin tí wọ́n tò dá ọ̀nà kọjá kí ẹran má baà jáde. Táyà mílímítà 25 ti kẹ̀kẹ́ ìdíje ń jẹ́ kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Kí ẹ sì tó rà á, ẹ béèrè bóyá férémù náà lè gba èyí tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn kò lè gbà.

Èyí tó ní bátìrì ńkọ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ gidi. Mi ò bá wọn sọ ọ́. Ó ti mú tọkọtaya tí agbára wọn kò dọ́gba jọ dé orí òkè kan náà, ó sì ti dá àwọn àgbàlagbà padà sí ọ̀nà tí wọ́n ti fẹ́ràn tipẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ìṣirò rẹ̀. Bí ènìyàn, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù bá jẹ́ kílò 110, gígun mítà 1,000 sókè jẹ́ iṣẹ́ bíi Wh 300 (Wh ni wáàtì-wákàtí, ìwọ̀n agbára tó wà nínú bátìrì). Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe ìdajì, tí ẹ́ńjìnnì ṣe ìdajì, tí a sì ka èyí tó ṣòfò di ooru, nǹkan bíi Wh 200 ni yóò jáde nínú bátìrì. Èyí túmọ̀ sí pé bátìrì Wh 500 lè tán kí ọjọ́ olókè tó parí, pàápàá bí ẹ bá fi ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sí ibi tó ga jù. Iye mítà tí ẹ ó gòkè ni kí ẹ fi ra bátìrì. Kìlómítà tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ilẹ̀ títẹ́ ló sábà máa ń bá mu.

Lábẹ́ òfin Yúróòpù, ẹ́ńjìnnì wáàtì 250 ló wà fún un, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì ń dá dúró bí eré bá dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Lórí òkè, kò sẹ́ni tó máa rántí ìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ lẹ ó rántí, nítorí púpọ̀ nínú wọn ju kílò 20 lọ, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára bí bátìrì bá kú.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Ẹni tó ti lágbára, tó ń jáde fún wákàtí méjì, tí kò gbé ẹrù, lè ra kẹ̀kẹ́ ìdíje, bí wọ́n bá bá a fi ṣéènìwíìlì 34 àti fíríwíìlì 34 sí i. Ẹni tó fẹ́ gbé àgọ́ àti ìkòkò káàkiri fún ọ̀sẹ̀ kan, ti arìnrìn-àjò ni tirẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ti bátìrì wà fún ẹni tí àyà tàbí orúnkún rẹ̀ ń ní kó rọra, àti ẹni tó fẹ́ bá ẹlòmíràn dọ́gba. Gbogbo ẹni tó kù, gravel ni mo máa ní kí wọ́n rà: kì í ṣe òun ló yára jù lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tín-ín-rín kankan lórí àwòrán ilẹ̀ tí yóò lé yín padà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé báàgì tí ẹ ó máa gbé sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá òkè tó le jù nítòsí, kí ẹ gùn ún dé ìdajì, kí ẹ dúró pátápátá. Ẹ wá gbéra láti ibẹ̀ lórí ìjókòó, láì dìde. Bó bá gbéra, ẹ lè sanwó.